Ṣé o mọ̀ pé àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà mú bàálù já?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ọdún 1996, bàálù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ADC tó ń ti Port Harcourt bọ̀ ní Èkó já nítòsí Ejìnrìn. Kò sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Àṣẹ adarí òfuurufú ló mú un sún mọ́ bàálù mìíràn jù. Awakọ̀ sì fi agbára tó pọ̀ jù yà fún un. Àwọn kan lè ní awakọ̀ nìkan ló jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì bá tí yà bẹ́ẹ̀ ká ní àlàfo tó yẹ wà láàárín bàálù méjèèjì. Torí pé àṣìṣe lè ti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn wá ni awakọ̀ ṣe ń tún àṣẹ sọ kí adarí lè gbọ́ bóyá ó pé. Ẹ̀kọ́ àti ìsinmi tọ́ sí awakọ̀ àti adarí.