Ṣé O Mọ Ọba Tí Wọ́n Wá Títí Dé Ìbìní?

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà ayédèrú kan wà lára ohun tó gbé òyìnbó dé etíkun wa? Nǹkan bí ọdún 1165 ni lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Yúróòpù. Wọ́n ní ọba kan ló kọ ọ́, ọba tó tún jẹ́ àlùfáà, Jòhánù lorúkọ rẹ̀, tó ń jọba níbì kan lẹ́yìn ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Manuel, ọba ńlá Constantinople, ló kọ ọ́ sí, kò sì fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ ọ́. Ó ní ọba 72 ló ń sin òun. Ó ní 30,000 ènìyàn ló ń jẹun nídìí tábìlì òun lójoojúmọ́, láìka àlejò tó kàn yà, òkúta emeradi sì ni tábìlì ọ̀hún. Ó ní ìsun omi kan wà nílẹ̀ òun tí arúgbó á mu, tí á padà di géńdé. Irọ́ ni látòkè délẹ̀, àmọ́ irọ́ tó bọ́ sákòókò ni. Àwọn Mùsùlùmí ti gba ìlú Edessa lọ́wọ́ àwọn ológun àgbélébùú ní 1144, ará Yúróòpù sì ń wojú ọ̀nà fún ẹni tó máa ti ẹ̀yìn ọ̀tá yọ wá gbè wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé Póòpù fèsì? Ní 1177, Alexander III fi ìwé lé dókítà ara rẹ̀ lọ́wọ́, Philip lorúkọ ọkùnrin náà, ó ní kó gbé e lọ fún Jòhánù. Philip mú ọ̀nà pọ̀n. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n rán sí ẹni tí kò sí, ta ni yóò jíṣẹ́ fún?

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n tiẹ̀ ń yọ̀ mọ́ Genghis Khan láìmọ̀? Ní 1221, àwọn ológun àgbélébùú tó wà ní Damietta, ní Íjíbítì, gbọ́ pé ọba Krìstẹ́nì kan tó ń jẹ́ Dáfídì ti gbéra láti ìlà-oòrùn, ó ń run ìlú àwọn Mùsùlùmí bọ̀. Ayọ̀ wọn kún. Ogun ń bọ̀ lóòótọ́, ìlú sì ń run lóòótọ́, àmọ́ àwọn Mọ̀ngólì Genghis Khan ni. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Póláńdì àti Húńgárì ni wọ́n dáná sun.

Ṣé o mọ̀ pé igi kan wà láàfin àwọn Mọ̀ngólì tó ń tú ọtí jáde? William ti Rubruck, àlùfáà ẹgbẹ́ Francis Mímọ́, fojú ara rẹ̀ rí i ní Karakorum ní 1254. Fàdákà ni igi náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ọmọ Paris, Guillaume Boucher, tí àwọn Mọ̀ngólì kó lẹ́rú ní Húńgárì, ló rọ ọ́. Ọtí mẹ́rin ló ń ṣàn lára rẹ̀: wáìnì, wàrà ẹṣin tó ti kan, ọtí oyin àti ọtí ìrẹsì. Áńgẹ́lì kan wà lórí ṣóńṣó, ó di fèrè mú. Bí ọtí bá ku díẹ̀, olórí agbọ́tí á kígbe sí áńgẹ́lì pé kó fọn fèrè. Ẹnì kan tó lúgọ sínú ihò nísàlẹ̀ igi á fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá, fèrè á dún, àwọn tó wà níta á sì máa da ọtí sí i.

Níbẹ̀ náà ni Möngke Khan, ọba àwọn Mọ̀ngólì, ti ní kí Krìstẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn Búdà wá jiyàn níwájú adájọ́ lórí ẹ̀sìn tó jẹ́ òótọ́. Rubruck gbà pé òun borí, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tìtorí rẹ̀ yí ẹ̀sìn padà. Wọ́n kọrin sí i, lẹ́yìn náà gbogbo wọn mutí yó. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju àríyànjiyàn ẹ̀sìn tí mò ń gbọ́ lórí rédíò lọ. Rubruck bèèrè Jòhánù náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, yàtọ̀ sí àwọn Krìstẹ́nì díẹ̀ tó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Krìstẹ́nì kúkú wà lọ́hùn-ún. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Marco Polo wà ní Ṣáínà, mọ́ńkì kan tí wọ́n bí níbi tá a mọ̀ sí Beijing lónìí wà ní Yúróòpù? Rabban Sauma lorúkọ rẹ̀. Ó dé Róòmù, ó dé Paris, òun ló sì fún Edward Kìíní, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oúnjẹ Olúwa ní Gascony.

Nígbà tí wọn ò rí Jòhánù ní Éṣíà, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ lọ fún ọba Etiópíà. Ní 1441, àwọn mọ́ńkì Etiópíà láti Jerúsálẹ́mù wá sí ìpàdé ńlá ìjọ ní Florence, wọ́n ṣàlàyé pé ọba àwọn kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Lagos kan ti wà kí Èkó tó jẹ́ Lagos? Gúúsù Potogí ló wà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1444, wọ́n kó 235 ènìyàn tí wọ́n jí gbé ní etíkun Áfíríkà bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pín wọn ní gbangba. Henry, ọmọọba Potogí, jókòó lórí ẹṣin, ó ń gba ìdá kan nínú márùn-ún tó jẹ́ tirẹ̀. Zurara, akọ̀wé tó ń yin ọmọọba náà, ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí àwọn ìyá ṣe ń gbá ọmọ mọ́ra, tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ lé wọn lórí kí wọ́n má baà gbà wọ́n. Akọ̀wé yìí kan náà ló ka ìdí tí Henry fi ń rán ọkọ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ó ń wá ọba Krìstẹ́nì tí yóò bá a jagun.

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọba Potogí ti fi Ọọ̀ni pe Jòhánù? Nǹkan bí 1486, João Afonso de Aveiro, ará Potogí, dé Ìbìní. Nígbà tó ń padà, ikọ̀ Ọba, tí í ṣe olórí Gwátò, èbúté Ìbìní, bá a lọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Ìbìní láàfin João Kejì, ọba Potogí, ni òpìtàn João de Barros kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1552. Wọ́n ní ọba kan wà níhà ìlà-oòrùn, ní ìrìn ogún oṣù, tí wọ́n ń pè ní Ogané. Bí Ọba Ìbìní bá wàjà, ẹni tó gorí ìtẹ́ á ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ogané á fi ọ̀pá àti àkẹtẹ̀ idẹ tó ń dán ránṣẹ́ padà, pẹ̀lú àgbélébùú idẹ tí ọba yóò fi sọ́rùn. Láìsí wọn, ará ìlú ò ní kà á sí ọba. Ikọ̀ tó lọ kì í rí ojú Ogané. Aṣọ ìkélé ṣẹ́dà nìkan ló ń rí. Ìgbà tó bá fẹ́ máa lọ ni wọ́n á yọ ẹsẹ̀ kan síta lábẹ́ aṣọ, àmì pé ọba wà nínú ilé, ó sì ti gba ẹ̀bùn. Ikọ̀ á júbà ẹsẹ̀ náà. Òun náà á gba àgbélébùú kékeré, kò sì ní jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́.

Àgbélébùú ni ọba João gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ó pe àwọn onímọ̀ máàpù, wọ́n ṣí ìwé Ptolemy, wọ́n ní Jòhánù ni.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí mọ ibi tó máa kọ́kọ́ wò: ọba tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun, tí ilé ọba Ìbìní sì ti ara ilé rẹ̀ ṣẹ̀ nípasẹ̀ Ọ̀rànmíyàn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ní Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni. Àwọn kan takò ó, wọ́n ní Ifẹ̀ kò sí ní ìlà-oòrùn Ìbìní, kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mi ò ní torí ìyẹn sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Ẹnu ògbufọ̀ ló gbà kọjá, ó sì tó 65 ọdún kí ìwé Barros tó jáde. Ère idẹ kan sì wà ní British Museum, iṣẹ́ ọwọ́ ará Ìbìní: ọkùnrin kan dúró, àgbélébùú wà lọ́rùn rẹ̀.

Aveiro tún gbé ìyèré lọ sílé. Òwò ìyèré gbèrú títí ata Íńdíà fi dé, ni ọba Potogí bá fòfin dè é. Òwò ẹrú ni wọn ò dá dúró: wọ́n ń ra ẹrú nítòsí Ìbìní, wọ́n ń fi wọ́n pààrọ̀ wúrà ní Elmina.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn èèyàn Vasco da Gama, atukọ̀ Potogí, gbàdúrà nínú ilé òrìṣà, wọ́n rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni? Calicut ní Íńdíà ni, ní 1498. Wọ́n rí ère obìnrin kan, wọ́n ní Màríà ni. Wọ́n rí àwòrán lára ògiri, èyí tí eyín rẹ̀ yọ síta, tó ní ọwọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n ní ẹni mímọ́ ni. Ẹ̀bùn tí da Gama fẹ́ fún ọba ìlú náà ni aṣọ, fìlà, iyùn, abọ́ ìfọwọ́, ṣúgà, òróró àti oyin. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníṣòwò tó tòṣì jù tó ti Mẹ́kà wá ń mú ju èyí lọ.

Pero da Covilhã nìkan ló bá ọba kan. Oṣù karùn-ún ọdún 1487 ni ọba João rán an gba orí ilẹ̀, nítorí ó gbọ́ Lárúbáwá. Ó dé Íńdíà ṣáájú da Gama, lẹ́yìn náà ó gba Etiópíà lọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láàfin, wọ́n fún un ní ilẹ̀, wọ́n fún un ní ìyàwó, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó padà sílé. Nígbà tí ikọ̀ Potogí dé ibẹ̀ ní 1520, wọ́n bá a láyé, ó ti dàgbà. Francisco Álvares, àlùfáà ikọ̀ náà, lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Ó rí ọba lójúkojú, ó mọ̀ pé Lebna Dengel lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lisbon ní 1540, ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé ni ìròyìn òtítọ́ nípa ilẹ̀ Àlùfáà Jòhánù.