Àṣà ìkíni àti ìbọ̀wọ̀ fúnni ní Ìkirè àti Àpòmù

Àṣà ìkíni àti ìbọ̀wọ̀ fúnni ní Ìkirè àti Àpòmù jẹ́ àwọn ìṣe tí àwọn ará ìlú méjèèjì yìí fi ń hàn pé wọ́n mọ iyì ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ìlú náà wà. Ìkirè ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Akirè sì ni oyè ọba rẹ̀. Àpòmù ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, Alápòmù sì ni oyè ọba tirẹ̀. Àwọn àṣà wọ̀nyí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn Yorùbá yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ya àlejò lẹ́nu. Lára irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgùnbánirọ̀, tí ìjọba ti ń rán káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọdún 1973, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè. Ẹni tí kò mọ àwọn àṣà náà lè di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú onílé láìmọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀, òun náà sì lè ṣi onílé gbọ́.

Ìkíni

Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń kíyè sí ni pé kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Yàtọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́", wọ́n ń sọ "ẹ kú iṣẹ́" fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "ẹ kú ìsinmi" fún ẹni tó ń sinmi, "ẹ kú ìjókòó" fún àwọn tó jókòó, àti "ẹ kú ọyẹ́" nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Àgbẹ̀ ni à ń kí ní "àrokò bọ́dún dé", aláró sì ni à ń kí ní "àredú". Ìkíni yìí pọ̀ lẹ́nu Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sàró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní "Aku".

Ẹni tó bá kọjá lára àwọn àgbà láìkí wọn ti ṣẹ̀ wọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ẹni tó bá nílẹ̀.

Ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ àti ojú

Ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, obìnrin a sì máa kúnlẹ̀ fún àgbà. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ìjòyè ṣe ń dọ̀bálẹ̀ níwájú Aláàfin. Irú èyí kò mọ sílẹ̀ Yorùbá nìkan: ní Jàpáánì, títẹ̀ ba ni wọ́n fi ń kí ara wọn, bí ẹni tí à ń kí bá sì ṣe ga tó ni ènìyàn ń tẹ̀ tó. Ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ojú ni ó máa ń dá èdè-àìyedè sílẹ̀ jù. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí. Olùkọ́ tó ti ibòmíràn wá lè rò pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa, kí ó sì jẹ ẹ́ níyà nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ nílé.

Orúkọ

A kì í pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ lásán. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pe òbí, bí i "Ìyá Kúnlé", "ẹ" ni a sì ń lò dípò "o" fún ẹni tó juni lọ. Ìyàwó ilé a máa pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ ní "ọkọ mi", ìbáà jẹ́ ọmọ kékeré, nítorí wọ́n ti wà nínú ilé kí ó tó dé.

Ọwọ́ ọ̀tún, oúnjẹ àti ọpẹ́

Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fúnni ní nǹkan, òun náà ni a sì fi ń gbà á. Ẹni tó fẹ́ ra dòdò Ìkirè, tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, ata àti epo pupa ṣe, tó sì fi ọwọ́ òsì na owó sí ìyá tó ń tà á, lè rí i pé ojú ìyá náà yí padà. Ẹni tó bá bá àwọn tó ń jẹun yóò gbọ́ "ẹ wá jẹun". Kò pọn dandan kí ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúpẹ́.

Ọpẹ́ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí a ṣe lálejò ní àná gbọ́dọ̀ tún sọ "ẹ ṣeun àná" lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Lọ́jà

Iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ dá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ìnájà ni a fi ń mọ iye tí yóò gbà. Àlejò tí kò mọ èyí máa ń rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò, oníbàárà lè béèrè èènì.

Ọjà Àpòmù fi hàn bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe lè wúwo tó. Níbẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ṣòwò. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1921, pé ará Òwu kan àti ará Ìjẹ̀bú kan jà lọ́jà náà nítorí iye ataare tó wà nínú òkìtì kan, tí owó rẹ̀ kò ju owó ẹyọ márùn-ún lọ. Ìjà yìí wà lára ohun tó fa ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, nígbà tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Òwu títí ìlú náà fi tú.

Ìyípadà

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ń tẹ̀ ba tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀ dípò kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì ń fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn kan gbà pé Ọlọ́run nìkan ni ó yẹ kí a dọ̀bálẹ̀ fún. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú kì í sábà bínú sí àlejò tó ṣe àṣìṣe, bí ó bá ti kọ́kọ́ kí wọn.