Ṣé Ẹ Mọ Ohun Tí Ìtẹ̀ka Yín Lè Ṣe?

Ṣé ẹ mọ̀ pé ará Owódé Onírin lè dá ìdìbò sílẹ̀ fúnra wọn láìdúró de ọdún mẹ́rin? Ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 69 àti 110: bí ẹ kò bá fọkàn tán aṣòfin tí ẹ rán níṣẹ́ mọ́, ẹ lè kọ̀wé kí wọ́n pè é padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta irin, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ iye tí ẹ máa dá lé e: ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ̀rún kan kò tó, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ, títí kan ẹni tó gba káàdì tí kò sì dìbò rí láyé rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ẹsẹ̀ yín máa rìn dé! Bó bá jẹ́ pé Sẹ́nétọ̀ ni ẹ fẹ́ pè padà, Kòsọ́fẹ́ nìkan kò tó: abẹ́ Ìlà-Oòrùn Èkó lẹ wà, nítorí náà ẹ ó máa wá ìbuwọ́lù kiri láti Ṣómólú dé Ìkòròdú, títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí létí òkun.

Ìyàlẹ́nu mìíràn rèé: ìwé yẹn kì í yọ ẹnikẹ́ni. Ìlẹ̀kùn ìdìbò ló ń ṣí, INEC, àjọ elétò ìdìbò, sì ní 90 ọjọ́ láti ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀-ni-tàbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ tí kò ní orúkọ alátakò kankan nínú.

Gómìnà àti ààrẹ ńkọ́? Kò kàn wọ́n rárá! Sẹ́nétọ̀, aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá àti aṣòfin Aláùsá ni ará ìlú lè pè padà. Ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ìyọnípò gómìnà àti ààrẹ wà.

Àpò mẹ́fà! Ohun tí wọ́n fi kó ìwé ìbuwọ́lù dé ọ́fíìsì INEC nìyẹn ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí àwọn kan fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ti Àárín Gbùngbùn Kogí padà. INEC kà á tán, ó jẹ́ 208,132. Bẹ́ẹ̀ 474,554 ló forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ó ku 29,146 kó tó ju ìdajì lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì parí sí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ dá ìwé yẹn dúró, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìbuwọ́lù kan? Àdírẹ́sì ni o! Òkènè, Ìpínlẹ̀ Kogí, ni wọ́n kọ, kò sí òpópónà, kò sí nọ́ńbà ilé. Nọ́ńbà fóònù aṣáájú wọn nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ l'Ówódé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdírẹ́sì yín pé pérépéré.

Ti ọdún 2018 tún pabanbarì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, níbi tí àwọn èèyàn wa ní ilẹ̀ Okun ń gbé, orúkọ 189,870 ló wà lórí ìwé tí wọ́n fi fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà. Àmọ́ nígbà tí INEC jókòó sí ibùdó ìdìbò ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin pé kí oníkálukú wá fojú hàn, 18,742 ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá!

Láti 1999, mélòó nínú àwọn ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ni ará ìlú ti fi ọ̀nà yìí pè padà? Kò sí ẹyọ kan.

Ẹ sọdá òkun pẹ̀lú mi wàyí. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ Yorùbá ni aṣòfin àkọ́kọ́ tí ìbuwọ́lù ará ìlú yọ nípò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́? Fiona Onasanya ni, ní Peterborough, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2019: ìdá 10 nínú 100 ni òfin wọn ń béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ènìyàn 19,261 ló sì buwọ́ lùwé, ìyẹn ju ìdá 27 lọ.

Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bọ́, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló fi bọ́. Ní Àríwá Antrim ní 2018, ìbuwọ́lù 444 péré ló ku kí Ian Paisley tó kúrò níjòókòó. Èrò tó máa ń wà nínú ọjà yín láàárọ̀ Mọ́ńdè á kájú rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò èyí: ká ní ìdá 10 ni Nàìjíríà náà ń béèrè, tí gbogbo ìbuwọ́lù inú àpò mẹ́fà yẹn sì jẹ́ òótọ́, iye náà ì bá ti ju ohun tí wọ́n nílò lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Èmi ò sọ pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gíga ìlẹ̀kùn ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kankan wà.

Àbí ẹ ti ń bi mí pé ọ̀rọ̀ gọ́tà ńkọ́, ọ̀rọ̀ títì ńkọ́, owó tí wọ́n ń gbà lọ́jà ńkọ́? Kò tíì sí ọ̀nà nínú òfin wa tí ará àdúgbò lè gbà buwọ́ lùwé kí irú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé ìdìbò.

Ṣùgbọ́n àbúrò yín tó wà ní Houston, ní Texas, lè ṣe é! Ẹni tó bá ti lè dìbò níbẹ̀ lè buwọ́ lùwé láti yí ìwé òfin ìlú náà padà, 20,000 ìbuwọ́lù ló sì ń fẹ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló gbé ìdìbò kan jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, tí wọ́n fi pinnu pé bí kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀, wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ wá sórí tábìlì ìpàdé láìdúró de olórí ìlú.

Ìpínlẹ̀ wo ló kọ́kọ́ fún ará ìlú ní irú àṣẹ yìí ní Amẹ́ríkà? Kì í ṣe New York, kì í ṣe California: South Dakota ni, ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ní 1898.

Ìwo màlúù! Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Àgbẹ̀ kan ní Switzerland ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé kí ìjọba máa fún ẹni tí kò gé ìwo màlúù rẹ̀ lówó, ìbuwọ́lù tó kó jọ lé ní 100,000, gbogbo orílẹ̀-èdè sì tìtorí ìwo dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Wọ́n ní àwọn ò gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ dé orí ìwé ìdìbò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé káńsù mẹ́ta ló wà ní Kòsọ́fẹ́, àmọ́ tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ ẹyọ kan ṣoṣo? Kòsọ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Agbóyi-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrí kò sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n dìbò yan alága síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025 bí ti gbogbo káńsù 57 tó wà l'Ékòó.

Kí ló lè mú kí orúkọ wọn wọ ìwé? Ìtẹ̀ka yín wà nínú rẹ̀! Abala 8 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ tí ìbéèrè ti wá gbọ́dọ̀ fi ìbò gbà á, lẹ́yìn náà ni yóò kan àwọn káńsù yòókù, yóò dé ilé aṣòfin Aláùsá, kí ó tó dé Ábùjá. Ibi tó há sí nìyẹn: ní 2004 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé àwọn káńsù tuntun Èkó kò tíì délé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó gan-an ńkọ́, ta ló dìbò fún un? Kò sẹ́ni kankan! Àṣẹ ológun ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967.

Ẹkùn kan ṣoṣo ló jẹ́ pé ìbò ará ìlú ló bí i ní Nàìjíríà. Mid-West ni, tí wọ́n yọ lára Ìwọ̀-Oòrùn wa ní 1963, òun ló di Ẹdó àti Delta lónìí. Gbọ́ bó ṣe le tó: ìdá 60 nínú 100 gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ẹni tó sùn sílé ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Síbẹ̀, ó lé ní ìdá 80 tó jáde sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!

Gánà náà ṣe tiwọn láìpẹ́ yìí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ará àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdìbò ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló parí rẹ̀: ẹkùn 10 di 16, bẹ́ẹ̀ òfin wọn ní ìdá 80 nínú 100 àwọn tó dìbò gbọ́dọ̀ gbà.

Ta ló lè dìbò l'Ékòó nígbà tí ìbò ilé aṣòfin kọ́kọ́ dé ní 1923? Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún ni. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kò níbò kankan, àmọ́ ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n ń kọ pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, àti ẹsẹ̀ wọn tó kún ojúde ààfin, wà lára ohun tó mú Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1949.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọ̀ ni wọ́n fi dìbò lórí ìwé òfin wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1990. Funfun: mo gbà á bó ṣe rí. Àwọ̀ ewé: mo gbà á, àmọ́ ẹ yọ òté ọjọ́ orí tí ẹ fi sí ipò ààrẹ. Pupa: mi ò gbà. Funfun ló borí.

Ìwé òfin tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà ló ní ohun tó wù mí jù nínú gbogbo èyí. Bí ará ìlú bá rí òfin tó lòdì sí ìwé náà, ó lè gbé e lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè wọn, yálà ó ń ta epo ní Porto-Novo tàbí ó ń ran aṣọ ní Kétu tiwọn. Ẹ sọ iye ìbuwọ́lù tó máa ń fẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún bọ̀: ẹyọ kan, tirẹ̀ nìkan.