Níbo Ni Ẹni Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Ọtí Ti Lè Rí Ẹgbẹ́?

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóru. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti gbìyànjú láti fi ọtí sílẹ̀, òun kò rí i ṣe. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ibì kan wà tí àwọn tó wà nírú ipò yìí máa ń lọ?" Mo ti wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè, mo lè tú gbólóhùn palẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdáhùn sí ìyẹn. Mo lọ wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí, nítorí ó dá mi lójú pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Tí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún "mu ọtí", "ọ̀mùtí" la ó rí. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe mọ́, ó ti di ohun tí èèyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé "ọtí ti di bárakú fún un". Ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún àìsàn tó ti pẹ́ lára, kò sì sí ẹni tó ń tijú láti wá ìtọ́jú fún àìsàn. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń sá fún, tí wọn kì í fi í béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Bill Wilson, tí kò tíì pẹ́ tó fi ọtí sílẹ̀, bá òwò lọ síbẹ̀. Òwò náà forí ṣánpọ́n, ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú ní hòtẹ́ẹ̀lì. Dípò kó lọ mutí, ó ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù títí ó fi rí ẹlòmíràn tó ń bá ọtí jà, Dókítà Bob Smith. Àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹni tí yóò wàásù fún un ni Wilson ń wá. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ló ń wá. Ẹni tó kàn ló mọ̀, orí èyí sì ni ẹgbẹ́ náà dúró lé títí dòní.

Báwo ni ìpàdé ṣe ń lọ? Ó sábà máa ń tó wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá wù lè dá owó díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí èèyàn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Orúkọ kan péré lèèyàn ń dá, wọn kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jáde. Kò pọn dandan kí ẹni tuntun sọ̀rọ̀. AA ní ìgbésẹ̀ 12, tó mẹ́nu ba Ọlọ́run bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè lọ sí SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, tí kò sì gbé ètò rẹ̀ ka ẹ̀sìn. Ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni tó ń mutí ni Al-Anon.

AA ń ṣe ìpàdé ní Nàìjíríà náà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti aa.org. Bí kò bá sí èyí tó sún mọ́ yín, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ lọ sí bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó pinnu, nítorí ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ pa oògùn dókítà tì, tàbí tó ń gbówó gọbọi lọ́wọ́ yín, ẹ yẹra fún un.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró fúnra rẹ̀. Ara lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè yọrí sí ikú. Kó kọ́kọ́ rí dókítà, bóyá ní ilé ìwòsàn ọgbà, tàbí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi ti Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó. Ẹgbẹ́ kì í rọ́pò ìtọ́jú. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni.

Yàrá mi ni ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, lórí fóònù, pẹ̀lú gbohùngbohùn létí. Kò sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dá orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ má pè é ní ọ̀mùtí. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun wá ìpàdé.