Bí Dókítà Ṣe Ń To Eyín

Eèjí kì í ṣe àrùn. Ẹwà ni Yorùbá ka àlàfo kékeré àárín eyín iwájú sí, kò sì sí ìdí tí òbí fi gbọ́dọ̀ sáré lọ dí i. Eyín tó yẹ kí a mójú tó ni èyí tó gorí ara wọn tí pákò kò fi lè dé àárín wọn, èyí tó yọ síta tó lè kán bí ọmọ bá ṣubú, àti ẹnu tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pàdé, tí ọmọ kò fi lè gé ẹran jẹ.

Dókítà tó ń to eyín kì í fojú lásán pinnu. Á béèrè bóyá ọmọ ń mu ìka, á ya fọ́tò, á ya ẹ́síréè kó lè rí gbòǹgbò eyín àti eyín tí kò tíì hù. Á wá wo eyín ẹ̀yìn ńlá tó máa ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6. Ní 1899, Edward Angle, dókítà ará Amẹ́ríkà, fi eyín yìí pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ pàdé dáadáa, bí ti iwájú tilẹ̀ wọ́; èyí tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ fà sẹ́yìn; àti èyí tí ti ìsàlẹ̀ yọ síwájú.

Báwo ni wáyà tí dókítà ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń pè ní bíréésì, ṣe ń sún un? Fọ́nrán tín-ín-rín ló so eyín mọ́ egungun. Bí wáyà bá ń tì í jẹ́jẹ́, egungun tó wà níwájú rẹ̀ á máa yọ́, tuntun á máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nǹkan bíi mìlímítà 1 lóṣù ni. Bí a bá fi agbára tì í jù, gbòǹgbò eyín lè yọ́ kúrò. Nítorí náà ni bíréésì fi ń pẹ́ lẹ́nu tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín àkókò yìí, ìrèké, eegun àti gúgúrú di èèwọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún wáyà le, ìkọ́kọrẹ́ rírọ̀ ló dára. Bí wọ́n bá sì yọ wáyà, eyín dà bí òpó tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ohun ìdáeyínró tí dókítà fún ọmọ ni kì í jẹ́ kí eyín padà síbi tó ti wá.

Fún ẹni tó ń gbé ní Ìjẹ̀dẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára ilé ìwòsàn ìjọba tó ní àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìpàdé pẹ̀lú dókítà máa ń wáyé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ síra, nítorí náà ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ owó ìtọ́jú. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ iye gbogbo owó náà sílẹ̀, bí yóò ṣe pẹ́ tó, àti bóyá owó ohun ìdáeyínró wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹni tí kì í ṣe dókítà eyín lẹ wáyà mọ́ ọmọ yín lẹ́nu.

Bí ọmọ bá ti pé ọdún 7, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà tó mọṣẹ́ lè wò ó tán, kó ní eèjí lásán ni, kí ẹ máa mú un lọ sílé.