Ohun tí Mass Effect 2 yọ dànù, àtohun tó fi rọ́pò rẹ̀

Nínú géèmù Mass Effect àkọ́kọ́, àpò Kọmáńdà Shepard kì í gbà ju ẹrù 150 lọ. Ìbọn, aṣọ ogun àtàwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ìbọn ló ń kún inú rẹ̀. Bó bá ti kún, ẹni tó di pádì mú á jókòó ti àkójọ gígùn kan, á máa yọ́ wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí apá kejì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2010, àpò náà ti pòórá pátápátá. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn méjèèjì, kò sì tíì parí.

Iléeṣẹ́ BioWare, ní Edmonton lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló ṣe wọ́n. Casey Hudson ló darí iṣẹ́ lórí méjèèjì. Àwọn dókítà oníṣègùn ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1995, wọ́n sì lókìkí fún irú géèmù tí èèyàn ti ń yan irú ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ, tí ìtàn á sì yà síbi tó bá darí rẹ̀ sí. Apá kìíní jáde fún Xbox 360 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Nínú rẹ̀, Shepard ń lépa Saren, aṣojú pàtàkì ìgbìmọ̀ àwọn ẹ̀yà ojú sánmà, tó ti di ọ̀dàlẹ̀. Àwọn Reaper ló wà lẹ́yìn Saren, àwọn ẹ̀rọ tó ń padà wá pa gbogbo ọ̀làjú run ní gbogbo 50,000 ọdún.

Nínú apá kìíní yìí, nọ́ńbà ló ń jà. O lè na ìbọn sí ọ̀tá láàárín ojú méjèèjì kí ọta gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, torí pé máàkì tó o fi sí ẹ̀ka ìbọn yẹn ò tíì tó. Ọta kì í tán. Ìbọn ló ń gbóná, wàá dúró kó tutù. Ní apá kejì, ibi tó o bá na ẹnu ìbọn sí lọta ń bà, ọta sì ń tán. Wọ́n ní láàárín ọdún méjì péré ni gbogbo ojú sánmà pa irú ìbọn dà. Àlàyé yẹn ò wọ̀ mí létí títí dòní, ṣùgbọ́n ìjà náà dùn.

Mako, ọkọ̀ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó ń ta pọ́ún-pọ́ún bíi bọ́ọ̀lù lórí òkè, náà bá a lọ. Àwọn tó bú u nígbà yẹn ló ń ṣàárò rẹ̀ báyìí, wọn ò sì jẹ̀bi. Èèyàn tó bá wà á kọjá ní ilẹ̀ tí kò sẹ́nikẹ́ni, tí oòrùn àjèjì ń ràn lókè, á mọ bí òfuurufú ṣe tóbi tó. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kó o dúró sókè, kó o máa fi ẹ̀rọ wá ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Iṣẹ́ tó ń múni sùn ni.

Ara àwọn alábàárìn Shepard ni wọ́n wá kó gbogbo ìwúwo apá kejì lé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Wrex. Krogan ni, ẹ̀yà jagunjagun tí wọ́n fi àìsàn àtọwọ́dá dín ọmọ bíbí wọn kù. Ní Virmire, nínú apá kìíní, ó gbọ́ pé ìwòsàn àìsàn náà wà ní ibùdó Saren, ibùdó tí Shepard fẹ́ fi bọ́ǹbù fọ́. Àwọn méjèèjì nàbọn síra wọn létí omi. Bí Shepard bá ti fi máàkì sí ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí tó ti bá Wrex gba ìhámọ́ra ìdílé rẹ̀ padà, ó lè pẹ̀tù sí i nínú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Wrex lè kú síbẹ̀.

Fáìlì apá kìíní ṣeé gbé wọnú apá kejì. Ẹni tó dá Wrex sí á bá a ní Tuchanka, ilẹ̀ àwọn Krogan, lórí ìtẹ́ agboolé Urdnot, á sì fò dìde wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pa á á bá Wreav, ọmọ ìyá rẹ̀, lórí ìtẹ́ kan náà. Àwọn tó ní PlayStation 3, tí wọn ò rí apá kìíní rà nígbà yẹn, ìtàn aláwòrán kúkurú ni wọ́n fún ní 2011 kí wọ́n fi yan àwọn ìpinnu ńlá náà.

Ìrìn àjò ìkẹyìn nínú apá kejì ni iṣẹ́ ọ̀hún ti dé góńgó. Ẹnu ọ̀nà Omega-4 ni wọ́n ń gbà lọ, níbi táwọn tó wọlé kì í ti í padà. Bí o kò bá fi irin tó nípọn kún ara ọkọ̀ Normandy ṣáájú, Jack, ọ̀kan lára àwọn alábàárìn, á kú kí ẹ tó gúnlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹnì kan ní láti gba inú ihò kan wọlé lọ ṣílẹ̀kùn. Tali, alábàárìn mìíràn, mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó o fi ṣolórí ikọ̀ kejì kò bá mọ ogun kó, bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kan á gba àlàfo rẹ̀ wọlé bá Tali. Kò ṣẹ̀, kò rò. Ìwọ lo yan olórí tí kò dáa. Shepard fúnra rẹ̀ lè kú síbẹ̀.

Síbẹ̀, mo dá apá kìíní láre lórí ìtàn. Bí wọ́n bá yọ apá kejì kúrò, ọ̀rọ̀ àwọn Reaper ò ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Àwọn Collector tí wọ́n ń bá jà níbẹ̀ ò lójú tí èèyàn lè kórìíra bíi ti Saren, kò sì sí ìjíròrò kan nínú rẹ̀ tó bani lẹ́rù tó ti Sovereign, Reaper inú apá kìíní.

BAFTA fi apá kejì ṣe géèmù tó dára jù lọ ní 2011. Nígbà tí wọ́n tún apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta géèmù náà gbé jáde ní 2021, apá kìíní ni BioWare fọwọ́ bà jù: wọ́n tún wíwa Mako ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí ọta máa ba ibi tí wọ́n na ìbọn sí. Ẹ̀dà yẹn ni mo máa ní kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí rà, kó sì ti apá kìíní bẹ̀rẹ̀, pàápàá torí Wrex.