Olùgbàlà tí Kò Gba Ara Rẹ̀

Ọmọ Ifẹ̀ wo ni kò mọ ìtàn Mọrèmi? Ó jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò mú òun lẹ́rú, ó di ìyàwó ọba wọn, ó sì rí i pé àwọn iwin tó máa ń kó Ifẹ̀ lẹ́rù, èèyàn ẹlẹ́ran ara tó fi koríko bora lásán ni wọ́n. Ó sá wálé wá tú àṣírí, ògùṣọ̀ ṣe ìyókù. Àmọ́ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn ṣì wà nílẹ̀, Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni odò sì béèrè. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé ọmọ náà kò kú tán, ó dìde, ó fi okùn gòkè re ọ̀run, Ifẹ̀ sì ń retí ìpadàbọ̀ rẹ̀. (Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Johnson, bóyá etí ìwàásù ló fi gbọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn.)

Ìtàn yìí lè gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ìgbàgbọ́ Kristẹni, kò lè mú wa wọlé. Ní Ifẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tó rúbọ, ọ̀tọ̀ lẹni tí wọ́n fi rúbọ, ọ̀tọ̀ lẹni tó gba ẹbọ. Ìyá sunkún, ọmọ lọ, odò gbà. Ti Jésù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni àlùfáà, òun ni àgùntàn, òun náà sì ni Kristẹni ń kúnlẹ̀ fún.

Irú ikú tó kú tún wá lé kún un. Àgbélébùú góòlù tí à ń fi sọ́rùn ti jẹ́ ká gbàgbé pé ikú ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni. Nígbà tí Róòmù ṣẹ́gun àwọn ẹrú tó bá Spartacus dìde, ní 71 ṣáájú ìbí Kristi, nǹkan bí 6,000 ni wọ́n kàn mọ́gi lójú ọ̀nà Capua. Abájọ tí ẹnì kan fi ya àwòrán sára ògiri kan ní Róòmù láti fi Kristẹni kan tó ń jẹ́ Alexamenos ṣe ẹlẹ́yà: ọkùnrin olórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórí àgbélébùú, Alexamenos nísàlẹ̀ tó ń júbà ọlọ́run rẹ̀. Ọdún 1857 ni wọ́n hú u jáde.

Ìwé Máàkù ní àwọn olórí àlùfáà náà ń ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi, pé ẹni tó gba àwọn mìíràn kò lè gba ara rẹ̀. Lójú onígbàgbọ́, àwọn ẹlẹ́yà yẹn ò purọ́. Bó bá gba ara rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí ì bá gbà. Àwọn oníwàásù wa tó fẹ́ràn Jésù tí ń fọ́ ọ̀tá túútúú máa ń yára kọjá ibẹ̀.

Ó rọrùn láti tú kókó yìí, pé ẹni tí à ń sìn náà ló kú. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, gbìyànjú rẹ̀: ó ní Ọmọ ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, àmọ́ ẹ̀dá lòun náà. Ọ̀rọ̀ olóye ni, torí ta ni yóò gbà wẹ́rẹ́ pé Ọlọ́run kú? Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Nicaea, nílẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní 325, kọ̀ jálẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Athanasius sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́yìn náà pé ẹ̀dá ò lè so ẹ̀dá pọ̀ mọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò gbé e dúró ni.

Ní 451, ìpàdé Chalcedon sọ pé Ọlọ́run ni Jésù látòkèdélẹ̀, èèyàn ni látòkèdélẹ̀, méjèèjì ò dàrú mọ́ra, wọn ò sì pínyà. Ẹni tó sùn nínú ọkọ̀ nítorí àárẹ̀ náà ló bá ìjì wí. Bó ṣe ṣeé ṣe, wọn ò sọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Íjíbítì, Síríà àti Àméníà ní ọ̀rọ̀ méjì-méjì yẹn ti ń gé Kristi sí wẹ́wẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó di 1973 kí Póòpù Paul Kẹfà àti Shenouda Kẹta, olórí ìjọ Kọ́pítíìkì, tó jọ fọwọ́ síwèé pé Ọlọ́run pípé àti èèyàn pípé ni Kristi. Ìjọ méjèèjì ò tíì máa gba oúnjẹ Olúwa pọ̀ títí di òní.